A Kì í Bá Ìyá Sọ̀rọ̀ Láti Ẹ̀yìn

Ikpoba Hill, Benin City
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ọdún 2025

Olúwaṣẹ́gun Àkànní, ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù Winnipeg o. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jáde, àbí ó ṣì ń wọ aṣọ mẹ́rin léra wọn jókòó sínú ilé? Sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò tíì kú. Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè lánàá, Ìyá tó bí mi jẹ ẹ́ tán láì bú mi. Morọ́láyọ̀ ìyàwó wa ńkọ́, òun àti ikùn? Ìyìnolúwa ńkọ́?

Ẹrù ti dé! Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù Sapele Road tí o ti rà á. Sípíkà márùn-ún, àpótí dúdú kan fún báàsì, àti wáyà tó lè so ewúrẹ́ mẹ́wàá. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará ilé jọ, ìyẹn èmi àti Ìyá, mo gbàdúrà sí i kí n tó ya páálí.

Mo so ó tán, mo tan iná, mo gbọ́wọ́ lé àyà. Hùùùùùn. Kì í ṣe orin, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Hùùùùùn lásán, bí ìgbà tí oyin ń ṣí lọ. Ìyá tí kò gbọ́ ààrá mọ́ sọ pé ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn, ṣé ọkọ̀ ńlá ló ń kọjá ni. Ṣégun, ṣé oyin lo sanwó fún?

O mọ ìdí tí a fi ra nǹkan yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè wọ fáìlì. Nílé wa, obìnrin tó dàgbà jù ló ń fún ọmọ tuntun ní oríkì, kò sì gbọdọ̀ ya ẹnu títí yóò fi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Nígbà tí ẹ bí Ìyìnolúwa, fóònù la gbé sí Ìyá létí. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n ṣáà fún un, wọ́n ní àwọn ò ní purọ́ mọ́ ọmọ àwọn. Ọdún mẹ́rin rèé, ọmọ náà ò ní oríkì. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, wọ́n ní ó ń rìn wọ́n bí èèrà, wọ́n jù ú sí ibi tí n kò rí títí dòní. Ìyá sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Bí wọn ò bá gbọ́ ti ọmọ tó ń bọ̀ yìí, èwo ni wọn yóò tún gbọ́?

Nítorí náà, kọ̀wé sí mi. Má ṣe pè mí lórí fóònù sọ pé kí n tẹ ibí, kí n fa ọ̀hún. Kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ, mo ti gbàgbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì ìjọba, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Díákónì Jayéọlá Títíloyè


Winnipeg
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá. Lẹ́tà yín dé orí kọ̀ǹpútà bí a ti ń jẹun, Màmá gbà á kà sókè, Morọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Màmá ní kí n sọ fún yín pé ọbẹ̀ tí Ìyá jẹ tán láì bú yín, ebi ló ń pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ ti bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn sípíkà? Ẹ má bínú, mo mọ̀ yín ni. Àga tí ẹ rà nígbà tí mo wà ní yunifásítì ṣì wà nínú ọ̀rá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, kí ó ku ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ẹ tẹ́tí sí i. Bí kò bá kùn mọ́, ẹ wá máa dá àwọn tó kù padà lọ́kọ̀ọ̀kan: tẹlifíṣàn, wáyà díìṣì tó ti orí òrùlé wá, fíríìjì. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ o, Bàbá. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fi kún un tí hùùn bá padà dé, òun ni olè.

Sípíkà kéékèèké méjì wà nínú wọn tí a kọ “ẹ̀yìn” sí ní èdè òyìnbó. Ẹ gbé wọn sẹ́yìn àga Ìyá, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí wọ́n sún mọ́ wọn. Etí òsì Ìyá ló ṣì ń gbọ́ díẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ohùn ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra irú èyí tó ń yí ènìyàn ká, tí n kò ra èyí tó kàn ń pariwo.

Ọmọ yín,
Ṣégun


Ikpoba Hill
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì

Ṣégun,

Ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá, mo ti bọ́ ọ. Má bi mí ní ìgbà tí mo bọ́ ọ.

Ọwọ́ tẹ olè! Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Mo yọ gbogbo rẹ̀, ilé pa rọ́rọ́. Mo dá tẹlifíṣàn padà, kò sí nǹkan. Mo ki wáyà díìṣì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn: hùùùùn! Mo fò sókè, mo pariwo “Ìwọ nìyẹn!” débi pé Mama Osaro, aládùúgbò wa, yọjú láti orí ògiri bi mí pé, “Deacon, na thief?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olè wáyà ni. Mo fà á yọ, mo wá dá fíríìjì padà. Hùùn tún dé, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. A jẹ́ pé olè méjì ni. Sípíkà àárín kò sì sọ̀rọ̀ rárá láti ọjọ́ tó ti dé, ó kàn ń wò mí.

Ní ti àwọn méjì tí o ní kí n gbé sẹ́yìn Ìyá, rárá o. Ṣégun, nílé ta lo dàgbà sí? Bí o bá pè mí láti ẹ̀yìn nígbà tí o wà ní kékeré, kí ni mo máa ń sọ? “Yí wá síwájú kí n rí ojú ẹ.” A kì í dúró lẹ́yìn àgbà bá a sọ̀rọ̀. Kí àgbàlagbà jókòó jẹ́jẹ́, kí ohùn ẹni tí wọn ò rí wá máa jáde lẹ́yìn wọn? Wọ́n á ní àwọn òkú ti wá mú àwọn. Mo ti to márààrún síwájú lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ga láàárín, àwọn kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ó dára púpọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún ìyá rẹ.

Kí ni kí n ṣe sí fíríìjì?

Bàbá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ọgbọ́n, ọ̀gá ọlọ́pàá wáyà!

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ so àwọn nǹkan yẹn mọ́, oníkálukú sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí iná rẹ̀ ń gbà lọ sínú ilẹ̀. Ọ̀nà wọn kò dọ́gba, wọ́n ń bá ara wọn jà, ìjà yẹn lẹ ń gbọ́ tó ń kùn. Ẹ so tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ mọ́ ibì kan náà. Ẹ gbé fíríìjì lọ sí ògiri kejì. Wáyà díìṣì, ẹ jẹ́ kó wà níta, a ò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Bí ó bá tún kùn, ẹ pe Ọláoyè, oníná ìjọ yín, kó wo irin áàtì tí a rì mọ́lẹ̀ láti mú iná wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ ibẹ̀ ti lè gbẹ, iná kò sì rí ọ̀nà wọlẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ da omi oníyọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan irin náà o.

Sípíkà àárín: ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀. Bí irun wáyà kan bá yà tó ń kan èkejì, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ lọ́ wọn pọ̀ dáadáa, kí pupa wọ ihò pupa, kí dúdú wọ dúdú.

Ní ti ẹ̀yìn, Bàbá, ẹ forí jì mí, sípíkà kì í ṣe ọmọ yín. Kò ní ojú tí ẹ fẹ́ rí. Láti iwájú, kó tó dé etí òsì Ìyá, ó ti tú ká gbogbo yàrá. Dókítà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ máa dé. Kò sí àyè fún àṣà níbi tí wáyà gbé ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí. Màmá máa ń pè mí ní Àkànní, ó ń pe Morọ́láyọ̀ ní Àjíkẹ́. Lánàá, Ìyìnolúwa gbé síbí sílẹ̀, ó sì béèrè ní èdè òyìnbó rẹ̀ pé, “Àkànní ni Dádì, Àjíkẹ́ ni Mọ́mì, èmi wá jẹ́ ta ni?” Màmá wo ojú mi, mo wo ojú Màmá.

Ọmọ yín,
Ṣégun


Winnipeg
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méjìlá ni mo ti ń dúró de lẹ́tà yín. Mo pè, ẹ gbé e, ẹ ní “Ó ń bọ̀ nínú lẹ́tà,” ẹ sì pa á. Ṣé mo bí yín nínú ni? Ṣé ara Ìyá kò yá ni? Màmá ní ohùn yín kò dára, ó ní ohùn ẹni tí wọ́n bá wí ni. Ikùn Morọ́láyọ̀ ti wálẹ̀, dókítà ní ọmọ lè má dúró de ọjọ́ tó dá.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti iwájú ló ń bí yín nínú, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Ṣégun


Ikpoba Hill
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì

Ṣégun ọmọ mi,

Ìyá rẹ mọ̀ mí. Wọ́n bá mi wí lóòótọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ. Jókòó kí o tó kà á.

Mo gbé fíríìjì, mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ ibì kan, hùùn kù díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tán. Ọláoyè yẹ irin náà wò, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ bí gàrí. Ó ní kí n máa bomi rin ín láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo po iyọ̀ mọ́ omi nínú garawa, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ń dà á díẹ̀díẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀. Mo ń wí pé, “Mu ún, mu ún, kí o jẹ́ kó dákẹ́. Nítorí ọmọ tuntun ni.” Bí mo ti gbójú sókè, Mama Osaro rèé lórí ògiri. “Deacon! Wetin you dey feed for ground?”

Kí Ọjọ́rú tó pé, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé Díákónì Títíloyè ń bọ ilẹ̀ nítorí oyún ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà. Wọ́n ní kí n má tíì gbé àwo ọrẹ. Alàgbà Èṣùbíyì ni alága àwọn tó jókòó lé mi lórí. N kò sọ nǹkan kan nípa orúkọ bàbá rẹ̀, Ọlọ́run ló di ẹnu mi. Ojú tì mí, n kò lè kọ̀wé. Kí ni n bá kọ? Pé wọ́n ti fi bàbá yín jókòó sẹ́yìn?

Níkẹyìn mo kó gbogbo wọn wá sílé, èèyàn mẹ́jọ. Mo tan ẹ̀rọ. Ilé dákẹ́, kò sí hùùn kankan! Ọláoyè wá ṣàlàyé irin àti omi iyọ̀ fún wọn. Wọ́n wo ara wọn. Alàgbà Èṣùbíyì wúkọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé ìwọ̀n iyọ̀ mélòó ni mo lò, torí tirẹ̀ ní Ekenwan Road náà ń kùn láti ọdún Kérésì tó kọjá. Mo ti ń gbé àwo ọrẹ padà.

Mo tún irun wáyà lọ́ pọ̀. Sípíkà àárín ti la ohùn! Mo jó yí kọ́bọ́ọ̀dù ká lẹ́ẹ̀méjì.

Ṣùgbọ́n Ìyá ò gbọ́. Mo fi orin tí Ìyìnolúwa kọ, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, sínú ẹ̀rọ, mo gbé e sókè títí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo sípíkà márààrún. Wọ́n ní, “Jayéọlá, kí ni mo fi ṣe àwọn wọ̀nyí tí wọ́n to ara wọn síwájú mi báyìí?” Ẹ̀rù ń bà mí, Ṣégun. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí o kọ, àfi ọ̀kan.

Bàbá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Bàbá mi! Bàbá mi! Bàbá mi!

Ẹ kú oríire! Ọkùnrin ni! Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ní ìdájí òní, Morọ́láyọ̀ bí láyọ̀, ó ń jẹun báyìí. Ọmọ náà ní iwájú orí yín gẹ́lẹ́. Màmá ti sunkún, ó ti jó, ó tún ti sunkún.

Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ihò tí wọ́n kọ ARC sí lẹ́yìn tẹlifíṣàn, kì í ṣe ihò míì, òun nìkan ló ń dá ohùn padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ pa ohùn tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀. Fóònù yín yóò gbé wa sórí tẹlifíṣàn bí mo ti fi hàn yín ní Kérésì.

Mo bẹ̀ yín lórí ìdọ̀bálẹ̀: ẹ gbé méjì yẹn sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ bi Ìyá fúnra wọn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń jà lórí ẹ̀yìn Ìyá, ta ló bi Ìyá?

Ṣégun, bàbá ọmọ méjì!


Ikpoba Hill
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta

Ṣégun Àkànní,

Ẹ kú inú dídùn, ẹ kú ìdùnnú lọ́tùn-ún lósì! Mo mọ̀ pé òrùlé àti fáànù ilé mi nìkan lẹ rí lánàá, tí ẹ kàn ń gbọ́ ariwo. Èmi ni mo gbé fóònù dojú kọ òkè láì mọ̀. Nítorí náà mo ń kọ ọ́, kó lè ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ àná, mo kúnlẹ̀ sídìí àga Ìyá, mo tẹnu bọ etí òsì wọn, mo bi wọ́n. Mo ní, “Ìyá, ṣé kì í ṣe àrífín bí ohùn ọmọ bá ti ẹ̀yìn yín wá?” Wọ́n ní, “Jayéọlá, ìwọ tí mo pọ̀n fún odidi ọdún mẹ́ta, níbo lo ti ń ké sí mi létí? Ṣé iwájú ni?”

Ọmọ mi o! Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti wà láyé, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo gbé méjèèjì sẹ́yìn àga, mo sún wọn mọ́ èjìká wọn.

Aago mẹ́rin lù, ẹ yọ lórí tẹlifíṣàn, Mama Osaro àti Alàgbà Èṣùbíyì wà níjókòó. Ọmọ rẹ wá ń sùn! Gbogbo ayé ń dúró dè é, ó ń yán. Mo rí i tí ìyá rẹ ń fi ìka rìn ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ yí ojú sí òdìkejì. Mo ní ó ti tán, ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀, ọmọ ló kù tí kò fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyìnolúwa fi ìbínú bú sẹ́kún. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Èmi ńkọ́? Èmi ńkọ́?”

Ìyá gbọ́ ọ. Wọn ò wo tẹlifíṣàn. Wọ́n dìde, àwọn tí a máa ń fà dìde, wọ́n tẹ ìbàdí síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbá ẹ̀yìn ara wọn, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tó pọ̀n. Wọ́n ní, “Dákẹ́, Àyọ̀ká mi. Dákẹ́, Àyọ̀ká. Mo ti gbọ́ ọ, ó pẹ́ kí o tó ké.” Ẹkún ẹ̀gbọ́n ló jí àbúrò, òun náà figbe ta, Ìyá sì ní, “Ẹ̀yin méjì ni? Àyìndé, rọra, ẹ̀gbọ́n rẹ ló wà lẹ́yìn mi, ìwọ ló kàn.” Mo sunkún, n kò fi pamọ́. Alàgbà Èṣùbíyì náà sunkún, ó ní èéfín ilé ìdáná ni, a kò sì dáná.

Sọ fún Àyọ̀ká pé kó kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí ìwé, fáìlì rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìyá kò jẹ́ kí n gbé sípíkà méjèèjì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn òní, mo dúró lẹ́yìn àga, mo tẹ̀ mọ́ etí òsì wọn láti béèrè bóyá wọn yóò jẹun. Wọn ò yíjú. Wọ́n ní, “Yí wá síwájú kí n rí ojú ẹ. Ìwọ kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́.”

Bàbá yín,
Jayéọlá